Ẹmu Tán, Ọ̀pẹ Kò Tán

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìwé The Palm-Wine Drinkard, èyí tí olóògbé Amos Tutuola kọ, bí ẹni pé ìwàásù lórí ọtí mímu ni. "Ẹ ò rí ohun tí ọtí fi ojú ọ̀mùtí rí?" ni wọ́n máa ń wí, wọn a sì pa ìwé dé, ó parí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ọ̀rọ̀ ọtí bá wà nínú ìwé náà, díẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ilẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀: ohun tí ènìyàn ń jẹ àti èyí tó ń mu, ibi tí ó ti ń wá, ẹni tó ń bá a gbé e wá, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnu bá ju ọwọ́ lọ. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, Ìkàrẹ́ ni mo fi ṣe ibùgbé, kò sí ọjọ́ kan tí ojú mi kì í rí òkè àti ọ̀pẹ. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ìwé náà lọ́nà tèmi. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì rí ìwé náà, mo máa sọ ọ́ ní ṣókí. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Tutuola sí ní 1920. Ó kú ní 1997. Ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù ló tẹ ìwé náà jáde ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó wọ bùbá àti ṣòkòtò ni. Ọkùnrin kan ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 10 kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa mu ẹmu lọ. Bàbá rẹ̀, ẹni tó lówó lọ́wọ́, fún un ní oko ọ̀pẹ tó jẹ́ máìlì 9 níbùú, máìlì 9 lóròó, tí 560,000 ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, ó sì gba adẹ́mu kan fún un. Adẹ́mu yìí a máa gbé 150 kẹ́ẹ̀gì ẹmu wálé láàárọ̀, a tún gbé 75 wá nírọ̀lẹ́, ọ̀gbẹ́ni náà a sì dà á mu tán. Ọdún 15 ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá kú. Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá, adẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, òun náà kú, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí ìdí ọ̀pẹ yẹn gan-an, wọ́n sin ín síbẹ̀. Ẹmu tán nílé. Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa ń wá bá a mu ún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó wá adẹ́mu mìíràn títí, kò rí èyí tó lè dá ẹmu tó ohun tí ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ́. Ló bá dìde, ó ń lọ wá adẹ́mu rẹ̀ ní Ìlú Àwọn Òkú.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Kí gan-an ló tán nínú ìtàn yìí? Ẹmu ló tán, ọ̀pẹ kò tán. Gbogbo 560,000 ọ̀pẹ wà lórí ìdúró, kò sí èyí tó rọ, kò sí èyí tí wọ́n gé. Ènìyàn kan ṣoṣo ló kú, gbogbo nǹkan sì dẹnu kọlẹ̀.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò. Bí máìlì 9 bá wà níbùú, tí 9 wà lóròó, máìlì 81 nìyẹn lápapọ̀, éékà 51,840. Bí a bá pín 560,000 ọ̀pẹ sórí rẹ̀, ọ̀pẹ tí yóò kan éékà kọ̀ọ̀kan kò pé 11. Ẹ wá fi wé oko ọ̀pẹ tí àwọn iléeṣẹ́ ń dá lóde òní. Nǹkan bí 58 ọ̀pẹ ló máa ń wà lórí éékà kan níbẹ̀, wọ́n á tò wọ́n bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Ohun tí Tutuola pè ní oko yìí kì í ṣe irú oko bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tí ọ̀pẹ hù sí káàkiri ni, tí iṣu wà lábẹ́ rẹ̀, tí ìgbòrò àti igi oríṣiríṣi wà láàárín. Bí ọ̀pẹ ìgbẹ́ ṣe máa ń wà lágbègbè wa nìyẹn. Ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń gbìn wọ́n. Ti àgbẹ̀ ni pé kó ṣán oko, kó sì dá wọn sí.

Ìṣirò kejì nìyí. Ká ní alágbára ni adẹ́mu yìí, tó lè gun 30 ọ̀pẹ lójoojúmọ́, láìsinmi, láìṣàìsàn. Kó tó lè fọwọ́ kan ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, yóò gbà á ju ọdún 51 lọ. Ọdún 15 àti oṣù díẹ̀ ló lò kó tó kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ náà kò rí ọ̀bẹ rẹ̀ sójú rí! Mi ò sọ pé Tutuola jókòó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Òun kàn fẹ́ràn kó máa ka nǹkan ni, bíi ti ìyá tó ń ka owó lọ́jà. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ tó dàgbà sí ló wà lójú inú rẹ̀, òun ló jẹ́ kí ìṣirò náà jáde bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ènìyàn ló ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ní ọmọ, tó ní aya, tó ní ìwọ̀fà àti ẹrú, òun ni ọlọ́rọ̀, nítorí òun ló ní ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́. Ní Àkókó tiwa, ogun Tápà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí oko ẹrú, àwọn tó kù sá gun orí òkè, wọ́n tẹ̀dó sáàárín àpáta níbi tí ẹṣin kò ti lè gbà. Láti orí òkè ni wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sóko, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ẹni tí yóò ro ó ni kò tó. Lẹ́yìn tí ìjọba òyìnbó dé tí ogun dáwọ́ dúró ni ọ̀pọ̀ wọn tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní ń sọ pé àwọn baba ńlá wa jẹ́ olùṣọ́ àyíká, pé wọ́n fẹ́ràn igbó bí ọmọ bíbí inú wọn, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Baba ńlá wa fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi nítorí pé ilẹ̀ ti ṣá, òmíràn sì wà níwájú. Alágbẹ̀dẹ dáná sun igi kó lè rí èédú tí yóò fi rọ ọkọ́. Ọdẹ tiná bọ ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí èyí tó jẹ́ àánú igbó níbẹ̀. Ẹnu ni kò pọ̀, ọwọ́ ni kò pọ̀, igbó wá ń rí àyè hù padà. Àmọ́ ohun kan wà tí wọ́n ní tí àwa kò ní: ẹni tó jẹun, ojú rẹ̀ tó ibi tí wọ́n ti bu oúnjẹ náà.

Adẹ́mu kan wà ládùúgbò wa ní Ọ̀kà nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá Ẹlẹ́mu là ń pè é. Yóò gbé igbà kọ́ èjìká, yóò so agbè mọ́ ìdí, ó di orí ọ̀pẹ. Àwọn ọ̀pẹ kan wà tí kì í gùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní wọ́n ń sinmi. Bí bàbá mi bá wá ń kùn pé ẹmu òní kéré, pé kí ló dé, Bàbá Ẹlẹ́mu á kàn nawọ́ sẹ́yìn ilé: "Ẹ̀gbọ́n, òun ló dúró sọ́hùn-ún un nì, ẹ lọ bá a sọ ọ́." Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tó wà láàárín ẹnu àti igi kò gùn nígbà náà. Bí ẹ bá pariwo ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìpẹ̀kun kejì.

Bí ọ̀nà yìí ṣe gùn sí i ni ìtàn tó yẹ ká máa fi ìwé Tutuola kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé àwọn èèyàn wọn kò gbọdọ̀ ṣòwò ẹrú mọ́, àwọn oníṣòwò Liverpool tí wọ́n ti ń kó ènìyàn tẹ́lẹ̀ sì yí ojú sí epo pupa. Wọ́n ń fi ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi ṣe àbẹ́là, wọ́n ń fi pa ẹ̀rọ lára kí irin má baà fi irin họ. Ọ̀fun ẹ̀rọ gbòòrò ju ti ọ̀mùtí lọ! Àwọn ìyá wa ló ń se ẹyìn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pa ekùrọ́ lórí òkúta, tí ẹni tó ń fọ ọwọ́ ní Liverpool kò sì mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ní 1848, wọ́n gbin ọmọ ọ̀pẹ 4 péré sí ọgbà kan ní Bogor, ní erékùṣù Java. Àwọn ará Holland ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Ọmọ-ọmọ ọ̀pẹ 4 yìí ni wọ́n mú lọ sí Sumatra àti Màléṣíà, tí wọ́n tò sórí ìlà, 58 lórí éékà kan. Títí di nǹkan bí 1965, Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ta epo ọ̀pẹ jù láyé. Lẹ́yìn náà Màléṣíà gbà á lọ́wọ́ wa. Lónìí, Nàìjíríà ń fi owó ra epo ọ̀pẹ láti òkè òkun láti fi kún èyí tí a ń fọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tó ra índómì ní Ọjà Ọba, Ìkàrẹ́. Orúkọ yẹn la fi ń pe gbogbo irú rẹ̀, iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n sábà máa ń fi dín in kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá. Ó lè jẹ́ epo ilẹ̀ wa, ó sì lè jẹ́ ti Màléṣíà. Bó bá jẹ́ ti ọ̀hún, a jẹ́ pé ọ̀pẹ tó ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lọ ló padà wá sílé yẹn. Ní Sumatra àti Borneo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ igbó kìjikìji ni wọ́n ti gé lulẹ̀ kí irú oko bẹ́ẹ̀ lè rí àyè, tí ìnàkí pupa tí wọ́n ń pè ní orangutan fi di ẹran tí kò nílé mọ́. Ta ni ọmọ yẹn yóò nàka sí? Ọ̀pẹ wo ló dúró sẹ́yìn ilé tó lè lọ bá sọ̀rọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ni mo ń bá wí. Ti kòkó ńkọ́? Àwa ará Àkókó wà ní etí igbó ni, ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀ lápá àríwá wa, kì í ṣe ibi gbogbo ni kòkó ti ń ṣe dáadáa. Nígbà tí kòkó di owó, ọ̀pọ̀ ọmọ Àkókó di ẹrù wọn lọ sí ìhà Ìdànrè àti Oǹdó, níbi tí igbó ti kì. Àwọn kan ṣe lébìrà, àwọn kan gba ilẹ̀, wọ́n sì gé ìrókò àti arère kí kòkó lè rí oòrùn. Bàbá mi wà nínú wọn. Owó kòkó yẹn ló fi páànù bo ilé wa ní Ọ̀kà, òun ló rán mi lọ síléèwé, òun ló jẹ́ kí n lè jókòó máa ṣe lámèyítọ́ ìwé lónìí. Mi ò fojú rí kùkùté igi kan nínú oko yẹn títí bàbá fi kú. Ẹni tó ń jẹ ṣokoléètì ní Bristol kò rí i, èmi tí mo jẹ nínú owó rẹ̀ ní Ọ̀kà kò rí i. Irú wa pọ̀ ní Àkókó. A lè jókòó sábẹ́ ọ̀dán nílé ká máa sọ pé igbó wa ṣì wà, nígbà tó jẹ́ pé igbó ibòmíràn la jẹ.

Kò tán síbẹ̀ o. Abẹ́ igbó tí wọ́n gé yìí ni ewé eéran àti ewé gbódògì ti ń hù, nítorí wọ́n fẹ́ràn ibòji. Àwọn la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín. Bí igbó ṣe ń rẹ̀yìn ni ewé ń wọ́n, tí ẹni tó ń já a ń rìn jìnnà, tí ọ̀rá sì ń pọ́ sí i. Ìyá ẹlẹ́kọ tó bá ṣírò owó ewé àti owó ọ̀rá, èwo ni yóò rà? Mi ò dá a lẹ́bi. Àwọn kan ń sọ pé ìwà wa ló bàjẹ́ tí a fi ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Irọ́ ni jàre. Ìwà wa kò yí padà rárá. Bí ìyá-ìyá mi ṣe ń jẹ ẹ̀kọ tán tó ń ju ewé sẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń mu omi tán tó ń ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí títì. Ewé yóò jẹrà di ilẹ̀dú, iṣu yóò jẹ ẹ́. Ọ̀rá yóò dúró de òjò ọdún tó ń bọ̀, yóò dí ojú omi, àgbàrá yóò wọ ilé onílé. Àṣà àtijọ́ la fi ń lo nǹkan tuntun.

Ṣé Tutuola rí gbogbo èyí ni? Bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò sì fẹ́ràn kí á máa sọ òǹkọ̀wé di wòlíì. Ṣùgbọ́n apá kan wà ní ìparí ìwé rẹ̀ tí àwọn olùkọ́ máa ń fò kọjá, èmi sì gbà pé òun ni orí ìwé náà. Lẹ́yìn wàhálà ọ̀pọ̀ ọdún lọ́nà, ọ̀mùtí rí adẹ́mu rẹ̀ ní Ìlú Àwọn Òkú. Adẹ́mu ní òkú kì í bá alààyè padà lọ. Ó wá fún un ní ẹyin kan. Ọ̀mùtí dé ilé, ó bá ìyàn tó mú gan-an. Ọ̀run àti Ilẹ̀ ló jọ ṣọdẹ lọ, wọ́n pa eku kan ṣoṣo, wọ́n ń jà sí i pé ta ni àgbà, Ọ̀run bínú, ó mú òjò rẹ̀ dání. Ìtàn àtijọ́ tí àwa Yorùbá mọ̀ dáadáa ni apá yìí. Ohun tó tẹ̀ lé e nìyí. Ọ̀mùtí pàṣẹ fún ẹyin, ẹyin pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n wá láti gbogbo ìlú, wọ́n jẹ, wọ́n kò lọ, kò rójú sùn mọ́. Nígbà tí wọ́n yó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, wọ́n ń bára wọn jìjàkadì, ẹyin fọ́. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ohun tó jáde lára ẹyin láti ìgbà náà kì í ṣe oúnjẹ mọ́, pàṣán ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ebi kọ́ ló fọ́ ẹyin. Yíyó ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìwé yẹn jáde, ní 1956, wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ẹni tó bá ti dàgbà ní 1975 yóò rántí bí àwa náà ṣe yó. Owó epo ń wọlé, wọ́n san àjẹmọ́nú Udoji fún òṣìṣẹ́, rédíò àti fáànù kún ilé, ìjọba sì fi ìwé ránṣẹ́ kí wọ́n kó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì wá, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gba ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun. Sìmẹ́ńtì ń dì nínú ọkọ̀, a ń sanwó ìdúró fún àwọn tó ni ọkọ̀. Nígbà tó fi máa di 1986 tí ètò SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún wa ohun tí pàṣán jẹ́.

Àmọ́ ìfẹ́ sìmẹ́ńtì tó wọ̀ wá lára nígbà yẹn kò tíì lọ. Nílé wa ní Àkókó, amọ̀ la fi ń kọ́lé tẹ́lẹ̀, ihò tí wọ́n ti wa amọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òjò a kún un, àwọn ọmọdé a máa ṣeré níbẹ̀, ilé tó bá wó a sì padà di ilẹ̀. Ilé alámọ̀ kò rọrùn o, ẹni tó bá gbé inú rẹ̀ rí mọ ohun tí ikán àti àgbàrá ń fojú onílé rí. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ń fẹ́ yanrìn odò, kọnkéré ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Àpáta tí baba ńlá wa sá gùn nítorí ogun ni wọ́n ń fi àdó fọ́ báyìí. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dà á sínú típà, ó di Ọ̀wọ̀, ó di Àkúrẹ́, ó di ibi tí ojú wa kò tó. Ẹni tó ń fi òkúta yẹn kọ́ ilé alájà kò mọ̀ pé òkè kan dínkù níbì kan. Ọ̀pẹ lè hù padà. Èmi ò tíì gbọ́ ibi tí àpáta ti hù padà.

Èyí ló jẹ́ kí n ní àríyànjiyàn pẹ̀lú olóògbé Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀. Òun ló sọ ìtàn Tutuola di eré orí ìtàgé ní Yorùbá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tó sọ ọ̀mùtí náà ní Lànkẹ́. Eré ńlá ni. Ní ti ìlù, ní ti orin, ní ti ẹ̀rín, mi ò mọ èyí tó tún jù ú lọ láyé ìgbà náà, ikú rẹ̀ ní 1973 sì dùn wá. Ṣùgbọ́n wo ohun tó fi parí eré: Lànkẹ́ jí lójú oorun, àlá ni gbogbo rẹ̀! Ó lálàá, ó jí, ó kọ́gbọ́n. Ibí yìí gan-an ni ìwàásù ọtí ti wọlé, láti ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sẹ́nu àwọn olùkọ́ wa. Mo mọ̀ pé òǹwòran tó sanwó wọlé fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ kó tó máa lọ sílé. Síbẹ̀, bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àlá, a jẹ́ pé adẹ́mu kò kú, ẹyin kò fọ́, kò sí gbèsè kankan lọ́rùn ẹni tó mu ún. Tutuola kò bá ọ̀mùtí rẹ̀ ṣe irú ojú àánú yẹn. Nínú ìwé, òkú adẹ́mu wà ní ìdí ọ̀pẹ títí dòní.

Tutuola náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹmu nìkan ló rí lára ọ̀pẹ. Obìnrin tó ń fọ́ epo, tó ń pa ekùrọ́, kò sí níbì kankan nínú oko máìlì 81 yẹn. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ààlà, kò ní alábàágbé tí yóò sọ pé níbí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Àkókó yóò mọ̀ pé èyí nìkan ti tó láti sọ ìwé náà di àròsọ. Ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún un lórí ohun kan tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ó mú kí ẹni tó ń mu ẹmu fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kó fi ọ̀pọ̀ ọdún la igbó kọjá, títí tó fi kojú ẹni tó ti ń bá a dá a. Èwo nínú wa ló ti lọ wá adẹ́mu tirẹ̀ rí?

Bó bá jẹ́ èmi ni olùkọ́, ìdánwò tí mo máa fún àwọn ọmọ kò ní kan ọtí. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni mo máa ní kí wọ́n ṣí. Wọ́n ti gbà pé kí wọ́n gbé ẹbọ lọ fún Ọ̀run kí òjò lè rọ̀, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn kò gbà láti gbé e, ẹrú kan ni wọ́n dì í rù. Ẹrú lọ, ó jíṣẹ́, kò tíì dé ààbọ̀ ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ tí òjò ńlá fi dé. Ó sáré wọ ìlú, òjò ń pa á, ó ń wá ibi tí yóò ya sí. Kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò gbé àwọn náà lọ bá Ọ̀run bó ṣe gbé ẹbọ. Òjò yẹn rọ̀ fún oṣù 3, ìyàn sì tán, wọ́n ń jẹun padà. Tutuola kò sọ ibi tí ẹrú náà sùn.